Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Rock and Roll Hall of Fame: Ẹ Fi Lonnie Johnson sí Ipò Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń yan olórin sínú Rock and Roll Hall of Fame, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin rock ní Amẹ́ríkà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́.

Lọ́dún 2024, ẹ kéde àwọn tí ẹ fún ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tó lànà orin fún ẹlòmíràn: Alexis Korner, John Mayall àti Big Mama Thornton. Ó tọ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò bá yín jiyàn. Nígbà tó di 2025, Salt-N-Pepa àti Warren Zevon ló kàn. Ọdún méjèèjì ni mo ka orúkọ náà láti òkè délẹ̀, tí mò ń wá Lonnie Johnson, onígìtá aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí n kò rí i. Láti 1986 ni ẹ ti ń yan ènìyàn. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba. Èdè Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, kí àwọn ènìyàn mi tó fẹ́ràn gìtá lè bá mi gbọ́ ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò, kí wọ́n sì mọ ẹni tí mò ń tìtorí rẹ̀ rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó sílẹ̀.

1. Alonzo Johnson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lonnie, ọmọ New Orleans ni. Ilé olórin ni wọ́n bí i sí, fáólìn ló sì kọ́kọ́ ń ta nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Ní 1917 ó bá ẹgbẹ́ eléré kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa padà délé ní 1919, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ti ọdún 1918, èyí tó dé Èkó náà lọ́dún yẹn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ilé wọn tán. James, arákùnrin rẹ̀, nìkan ló bá láàyè. Àwọn méjèèjì kó lọ sí St. Louis. Ibẹ̀ ni Lonnie ti ń bá ẹgbẹ́ olórin ṣeré nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ná odò Mississippi. Ní 1925 ó wọ ìdíje blues, orin ìbànújẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ní Booker T. Washington Theatre ní ìlú náà, ó gbégbá orókè, ẹ̀bùn tí wọ́n sì fún un ni àdéhùn láti ṣe àwo orin fún ilé iṣẹ́ Okeh. Láti oṣù kọkànlá ọdún yẹn títí di 1932, orin tó ṣe fún Okeh tó 130.

Ẹni tó bá gbọ́ bí ó ṣe ń kọ orin ìbànújẹ́ láì gbé ohùn sókè, láì ké, láì wá àánú ẹnikẹ́ni, kó rántí pé ẹni tó wọlé bá ilé òfo ni.

2. Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi gìtá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé.

Kí ọkùnrin yìí tó dé, ẹ̀yìn ni gìtá ń jókòó sí nínú ẹgbẹ́ olórin. Bánjò ń ké jù ú lọ, fèrè ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ tó sì kù fún un kò ju pé kó máa bá wọn di orin mú lábẹ́. Lonnie Johnson fa okùn gìtá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń tẹ okùn náà kọ́lọ́ títí ohùn yóò fi gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń mì í kí ohùn náà tó kú, ó ń dá ẹnu dúró níbi tí akọrin yóò ti mí. Gìtá wá ń sọ̀rọ̀ bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbédè yóò sì mọ ohun tó ń wí.

Ní oṣù Kejìlá 1927, ní Chicago, ó wọ ibi ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú Louis Armstrong àti ẹgbẹ́ Hot Five. Ẹ wá orin tí wọ́n pè ní "Hotter Than That". Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá tí ẹ ń kà á, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ibì kan ń bẹ láàárín orin náà tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti dákẹ́. Armstrong yóò máa ju ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, gìtá Lonnie nìkan ni yóò sì máa bá a rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láàárín ara wọn: ọ̀kan á lé, èkejì á gbè, ọ̀kan á dá a sílẹ̀, èkejì á gbé e. Ọkùnrin tí gbogbo ayé gbà pé òun ni ọ̀gá jazz ń bá gìtá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ta ló ti fi gìtá ṣe irú rẹ̀ sínú àwo ṣáájú ìgbà náà?

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹwàá 1928, tí ó tún wà nínú àwo Duke Ellington, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin jazz. Armstrong àti Ellington láàárín ọdún kan! Lọ́dún 1927 yẹn náà ló sì ti ṣe orin tó ń jẹ́ "6/88 Glide", níbi tó ti ń ta okùn kọ̀ọ̀kan lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń kọ ìtàn gìtá kì í lè fo orin yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí ohun tí rock and roll jẹ́ gan-an. Ní gbogbo orin tí ẹ ń fi ṣe ògo nínú Gbọ̀ngàn yín, ibì kan máa ń wà tí akọrin á fà sẹ́yìn, tí onígìtá á bọ́ síwájú dá nìkan sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èrò máa ń dìde dúró. Ọwọ́ Lonnie Johnson ló la ọ̀nà yẹn.

3. Ní 1928 àti 1929, òun àti Eddie Lang, ọmọ àwọn ará Ítálì tó wá tẹ̀dó sí Philadelphia, ta gìtá pọ̀. Lórí àwo, orúkọ tí wọ́n kọ fún Lang ni Blind Willie Dunn, kí ará ìta má baà mọ̀ pé aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú jókòó pọ̀ ṣe orin. Àwọn àwo yẹn, "A Handful of Riffs" àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣì ń ya onígìtá lẹ́nu títí dòní. Lang ń di ìsàlẹ̀ mú, Lonnie ń fò lókè, kò sí ẹni tó ń ti èkejì. Orílẹ̀-èdè tó ń fi òfin ya aláwọ̀ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin ló bí orin yìí. Ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìtàn tí ẹ ń sọ fún ọmọ aráyé.

4. Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn tí ẹ ti fi joyè.

Robert Johnson, olórin blues, wà lára àwọn àkọ́kọ́ pátápátá, ní 1986. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, pé ó bá Sátánì pàdé ní oríta kó tó mọ gìtá ta. Ẹ gbọ́ "Malted Milk" àti "Drunken Hearted Man" tí ó ṣe ní 1937. Ẹ tún gbọ́ Lonnie Johnson ti àwọn ọdún tó ṣáájú. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bó ṣe ń já okùn, ti Lonnie ni. Àwọn tó bá Robert rìn sọ pé ó fẹ́ràn Lonnie débi pé ó máa ń sọ pé ìbátan òun ni. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ kò sọ ti Sátánì. Àwo Lonnie Johnson ló ń sọ.

B.B. King, ní 1987. Ọkùnrin yẹn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú pé Lonnie Johnson àti Blind Lemon Jefferson ló gba òun lọ́kàn láti kékeré, nígbà tí òun ń gbọ́ àwo wọn nílé ìbátan òun kan. Bí B.B. King ṣe ń jẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo dúró pẹ́, tó ń mì í, tó sì ń jẹ́ kí ó dáhùn ohun tí ẹnu òun kọ, ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

Elvis Presley, ní 1986. Ní 1948, "Tomorrow Night" tí Lonnie Johnson kọ fún ilé iṣẹ́ King wà ní ipò kìíní lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú ti ìwé ìròyìn Billboard fún ọ̀sẹ̀ 7. Nígbà tí Elvis dé Sun Records ní Memphis, ó kọ orin yẹn. Jerry Lee Lewis, tí ẹ yàn lọ́dún kan náà pẹ̀lú Elvis, kọ ọ́. Bob Dylan kọ ọ́ ní 1992.

Bob Dylan yẹn náà, tí ẹ yàn ní 1988, kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé ara rẹ̀ tó jáde ní 2004 pé Lonnie Johnson ló fi ọ̀nà kan láti ta gìtá han òun ní New York níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀nà tí òun padà wá lò nígbà tí orin fẹ́ sú òun. Ẹ ronú sí i: ẹni tó ti jókòó ti Louis Armstrong ní 1927 ló ń kọ́ Bob Dylan lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1952 Lonnie Johnson lọ ṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Donegan wà lára àwọn tó ṣeré ní alẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Lonnie Donegan nítorí ọkùnrin yìí. Láàárín ọdún mẹ́rin, orin skiffle, èyí tí wọ́n ń fi gìtá àti ohun èlò inú ilé ṣe, tí Lonnie Donegan ń kọ ti mú kí àwọn ọmọdékùnrin káàkiri Britain máa wá gìtá kiri. Ní Liverpool, ọ̀kan nínú wọn, John Lennon, dá ẹgbẹ́ skiffle kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn ló sì di The Beatles, tí ẹ yàn ní 1988. Korner àti Mayall tí ẹ dá lọ́lá ní 2024 nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún blues nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ Lonnie, tó jẹ́ ti Johnson gan-an, ló ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àárín àwọn ọdún 1950, tí púpọ̀ wọn kò sì mọ ẹni tó ni ín.

Yorùbá ní ẹni a bá lábà ni baba. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, inú ahéré ni wọ́n ti bá a.

5. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ sọ pé olórin blues àti jazz ni, pé kì í ṣe ti rock, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́. Ẹ ti yan Bessie Smith ní 1989. Ẹ yan Louis Armstrong àti Charlie Christian ní 1990, Jelly Roll Morton ní 1998, Billie Holiday ní 2000. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kọ rock. Ẹ yàn wọ́n nítorí pé wọ́n lànà sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Charlie Christian ṣì jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí Lonnie ń ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀. Lonnie Johnson sì ti wọ Blues Hall of Fame, gbọ̀ngàn ti àwọn olórin blues, láti 1990.

6. Cleveland.

Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Okeh parí ní 1932, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì ti dẹnu kọlẹ̀, Lonnie Johnson kó lọ sí Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó bá ẹgbẹ́ Putney Dandridge ṣeré níbẹ̀. Nígbà tí orin kò bọ́ ọ mọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Cleveland yẹn ni ẹ kọ́ Gbọ̀ngàn yín sí, tí ẹ ṣí i ní 1995. Ilé iṣẹ́ King tó gbé "Tomorrow Night" jáde pàápàá, ní Cincinnati ló wà, ní Ohio kan náà. Ẹni tí ẹ fò yìí ti jẹ iyọ̀ ìlú yín, ó ti ṣeré níbẹ̀.

7. Mo ti ronú gidigidi sí ìdí tí wọ́n fi ń fò ó, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kọ ìtàn blues fún aráyé ní àwòrán kan lọ́kàn: ọkùnrin kan láti oko òwú, tí kò ní nǹkan kan, tí ojú rẹ̀ kò ju ẹyọ fọ́tò díẹ̀ lọ, tó sì kú ní kékeré. Robert Johnson kú ní ọmọ ọdún 27, àwòrán yẹn sì bá a mu. Lonnie Johnson jẹ́ ọmọ ìlú ńlá. Ó ń wọ kóòtù, ó ń de táì, ó mọ jazz, ó mọ fáólìn àti dùùrù, ó sì fẹ́ràn orin ìfẹ́ bí ó ṣe fẹ́ràn blues. Kò kú ní kékeré. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tó ń wá blues ìgbèríko rí i ní àwọn ọdún 1960, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ẹkún oko. Ó fẹ́ kọ "Tomorrow Night" àti àwọn orin jẹ́jẹ́ mìíràn fún wọn. Orúkọ àwo tí òun àti Elmer Snowden ṣe nígbà yẹn, "Blues & Ballads", fi han gbogbo ènìyàn pé kò gbà kí wọ́n ti òun mọ́ inú yàrá kan.

Mo rí ìyẹn gẹ́gẹ́ bí iyì. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí kò sí ohun tí wọn kò lè fi dù ú, tó kọ̀ kí ẹlòmíràn sọ fún un irú ẹni tó yẹ kó jẹ́. Títí dòní, ohun tó yẹ kí wọ́n fi yìn ín ni wọ́n fi ń fò ó.

8. Ẹ tún mọ bí ó ṣe parí. Láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí rock and roll ń sọ àwọn ọ̀dọ́ di olówó, Lonnie Johnson wà ní Philadelphia. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó sì di agbálẹ̀ ní Benjamin Franklin Hotel. Ibẹ̀ ni Chris Albertson, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan, ti rí i ní 1959, tó sì mú un padà síbi ìgbohùnsílẹ̀. Ó tún ṣe àwo, ó tún bá Victoria Spivey, akọrin blues, kọrin, ó bá àwọn olórin blues bíi Muddy Waters lọ yípo Yúróòpù ní 1963. Ní 1965 ó dé Toronto, ní Kánádà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dúró. Ní oṣù kẹta 1969 mọ́tò kọlù ú níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ní oṣù kejì 1970, wọ́n ràn án lọ́wọ́ gun orí ìtàgé Massey Hall, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, Buddy Guy bá a ta gìtá, gbogbo èrò dìde dúró fún un. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún yẹn.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Philadelphia. Kò sí òkúta lórí ibojì rẹ̀ títí di 2014, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ blues dáwó jọ fi ọ̀kan síbẹ̀. Ọdún 44! Buddy Guy tó bá a ta gìtá ní alẹ́ yẹn, ẹ ti yàn án láti 2005.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ṣòro.

Ìkíní, ẹ fún Lonnie Johnson ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tó lànà orin nínú ìyàn yín tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ló ń yan irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í lọ sọ́dọ̀ gbogbo olùdìbò yín. Nítorí náà kò sí pé ìbò kò tó. Ọwọ́ yín ló wà, ní tààrà.

Ìkejì, ní Cleveland, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo àlejò yóò ti rí i pé ìlú yìí ni ó gbé, àti ẹgbẹ́ tó bá ṣeré níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wá wo aṣọ Elvis mọ̀ ọ́n kó tó jáde. Ẹ sì kọ orúkọ Eddie Lang sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ tí àwọn òbí Lang mọ̀ ọ́n sí ní ilé, Salvatore Massaro, kí orúkọ ìbòjú yẹn lè kúrò nílẹ̀.

Ìkẹta, bí ẹ bá ní ìdí tí ẹ kò fi ní ṣe é, ẹ sọ ìdí náà ní gbangba bí mo ṣe sọ tèmi ní gbangba, kí àwọn onígìtá ayé gbọ́ ọ.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni,
Olùfẹ́ gìtá kan, ọmọ Yorùbá